Tí táàgì ẹ bá ti lọ, ìbọn ẹ ńkọ́? Ohun tójú mi rí nídìí ọdẹ ṣíṣe ní Illinois

Ìbéèrè táwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọdẹ ní Amẹ́ríkà níbí máa ń bi mí jù ni pé, "Mo ti pa àgbọ̀nrín tèmi láàárọ̀, táàgì mi ti lọ, àwọn yòókù ṣì wà nígbó, ṣé mo lè gbé ìbọn mi tẹ̀ lé wọn?" Táàgì ni bébà tó ń bá pámíìtì wá, téèyàn máa ń so mọ́ ẹran tó bá pa, ẹran kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà fún. Ní Illinois tí mò ń gbé, rárá ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá, torí òfin ẹran igbó ìpínlẹ̀ yìí là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá ti fi ìbọn pa iye àgbọ̀nrín tí wọ́n gbà fún un, kò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn bá ẹgbẹ́ ọdẹ àgbọ̀nrín kankan jáde mọ́, bó sì ṣe rí fún ẹni tó fi ọfà pa tiẹ̀ nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ gbé ọrun àti ọfà bá wọn lọ. Kò ní dìgbà tó o bá yìnbọn. Kó o ṣáà ti wà láàárín wọn tìbọn-tìbọn, ó ti tó ẹjọ́. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí wàhálà, torí ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé táwọn ò bá ṣáà ti yìn ín, ta ló máa mú àwọn?

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fáwọn tó wà nílé tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Bàbá mi ọdẹ ni ní Ṣakí, tó bá fẹ́ wọgbó, á gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, á gbé iná sórí, ó di ọjọ́ kejì, ohun tó bá rí ló pa, ẹnì kankan ò bi í pé mélòó. Ìbọn tó kọ́ èjìká gan-an ni wọ́n fi ń kí i lójú ọ̀nà. Ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ẹran igbó, kódà tó bá wà lórí ilẹ̀ tó o fowó ara ẹ rà. Wàá gba láísẹ́ńsì ọdẹ, tí wọ́n bá sì bí ẹ ní January 1, 1980 tàbí lẹ́yìn ẹ̀, o gbọ́dọ̀ ti ṣe kọ́ọ̀sì ààbò ọdẹ kí wọ́n tó tà á fún ẹ. Wàá ní káàdì FOID lápò, ìyẹn káàdì tí Illinois fi ń mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn lọ́wọ́, ó ti wà láti 1968. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn lo máa wá béèrè fún pámíìtì àgbọ̀nrín, wọ́n á fa á bíi lọ́tìrì, kàǹtí kan ṣoṣo, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa nílé, ni pámíìtì kọ̀ọ̀kan sì wà fún. Cook, DuPage àti Lake tó yí Chicago ká yìí ò ní àsìkò ìbọn àgbọ̀nrín rárá, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń wa mọ́tò fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún lọ sísàlẹ̀, lápá Pike County àti àwọn kàǹtí tó yí i ká, ibi tóko àgbàdo àti igbó oaku ti ń pàdé létí odò.

Àsìkò ìbọn fúnra ẹ̀ ò gùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ti àkọ́kọ́, láti Friday tó ṣáájú Thanksgiving, ìyẹn ọdún ìdúpẹ́ wọn ní ìparí November, dé Sunday, ti ẹ̀ẹ̀kejì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, láti Thursday tó tẹ̀ lé Thanksgiving. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ ọjọ́ 7. Ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ ni wàá bẹ̀rẹ̀, ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀, ó parí, kò sí ọdẹ òru. Ìbọn tó ń lo slug, ìyẹn ọta ńlá ẹlẹ́yọ kan, la máa ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju ọta 3 lọ. Láti 2023 ni wọ́n ti gba àwọn ráífù kan láyè, èyí tó ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Fìlà àti aṣọ òkè ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò tàbí píǹkì tó ń tàn yòò, kí ẹnì kejì ẹ má bàa rò pé ẹran ni ẹ́.

Táàgì yẹn wá ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ẹran bá ṣubú, kó o tó wọ́ ọ, kó o tó la inú ẹ̀, táàgì lo máa kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé òtútù November ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn ò mọ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìka mi á ti gan, mi ò lè lo gíláòfù torí bébà náà kéré, màá wá fẹnu bọ́ ọ, màá fi bírò gégé tó ti fẹ́ẹ́ dì yẹn kọ ọjọ́ àti gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, màá ká a sínú ọ̀rá kí ẹ̀jẹ̀ má bà á jẹ́, màá fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹran náà. Ẹ̀jẹ̀ ẹran á ṣì máa rú èéfín nínú òtútù nígbà yẹn. Tó bá wá dalẹ́, kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wàá pe àwọn ìjọba tó ń bójú tó ẹran igbó tàbí kó o wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá sọ fún wọn pé o ti pa á, wọ́n á fún ẹ ní nọ́ńbà. Láti ìgbà tó o ti so táàgì yẹn lo ti lo pámíìtì yẹn tán. Tó bá jẹ́ òun nìkan lo ní, ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹ ò ní iṣẹ́ kankan mọ́ nínú igbó yẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ti le jù, kí ló dé tí wọn ò lè jẹ́ kéèyàn ṣe fàájì ẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pa àgbọ̀nrín Illinois débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ọdún 1901 ni wọ́n ti ọdẹ ẹ̀ pa pátápátá, ọdún 1957 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n tì í pa ti di ẹni àádọ́ta ọdún ó lé kó tó lè fi ìbọn ṣọdẹ àgbọ̀nrín nílẹ̀ bàbá ẹ̀. Kíkà ni wọ́n fi dá a padà. Wọ́n ń ka iye tó wà ní kàǹtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka iye pámíìtì tí wọ́n máa fún èèyàn. Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó ti pa tiẹ̀ ń bá ìyàwó ẹ̀ pa, ó ń bá àbúrò ìyàwó pa, ó ń bá ọ̀rẹ́ tó jókòó sínú mọ́tò tó ń mu kọfí pa, a jẹ́ pé pámíìtì kò nítumọ̀ mọ́, ẹni tó mọ ìbọn yìn jù ló máa pa gbogbo ẹ̀. Ọlọ́pàá igbó ò lè wo inú ọkàn ẹni. Ìbọn nìkan ló lè rí. Mo rí i lágbègbè Ṣakí fúnra mi bí ẹtu àti àgbọ̀nrín ṣe ń dín kù lójú bàbá mi, mi ò lè bú ẹni tó bá ní ká máa kà á.

Èyí tí mo fẹ́ẹ́ sọ gan-an ṣẹlẹ̀ nígbà kan tá a lọ lẹ́gbẹ́ẹgbẹ́, ọmọ Yorùbá la pọ̀ jù nínú wa, pẹ̀lú òyìnbó kan tó jẹ́ pé ilẹ̀ àwọn àna ẹ̀ la ti ń dẹ ẹ́. Mo pa abo kan láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀gbọ́n kan tó wà pẹ̀lú wa, àgbàlagbà, tó ti pẹ́ nílùú yìí jù mí lọ, òun náà pa akọ kan, akọ tó dáa gan-an, ìwo ẹ̀ rí rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́. Àwọn méjì nínú wa ò tíì rí nǹkan kan. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní ká lọ lé ẹran jáde fún wọn látinú gbọọrọ igbó kan tó wà láàárín oko àgbàdo méjì, ìyẹn ni pé àwọn kan á dúró lápá kan pẹ̀lú ìbọn, àwọn kan á máa rìn bọ̀ látòdì kejì kí ẹran lè sá lọ bá wọn. Inú mi dùn sí i torí mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo tú ọta inú ìbọn mi, mo ti ìbọn bọ àpò, mo fa zíìpù ẹ̀, mo gbé e sínú búùtù, mo sì tì í. Mo wá mú igi kan tí mo lè fi máa lu ewé.

Ẹ̀gbọ́n ò tú tiwọn. Wọ́n ṣì gbé e dání.

Mo sún mọ́ wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, táàgì yín ti lọ, ẹ fi ìbọn yẹn sínú mọ́tò." Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ní Wisconsin níbi tí mo ti kọ́ ọdẹ, báyìí la máa ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bi wá." Mo ní àwa ò sí ní Wisconsin sà. Wọ́n ní kò burú, tí wọ́n bá bi àwọn, àwọn á ní coyote, ẹranko tó dà bí ajá igbó, làwọn fẹ́ẹ́ pa, ṣebí coyote kì í ṣe àgbọ̀nrín. Òyìnbó tó mú wa wá náà sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó ju èèyàn lọ dáadáa, tó ti ṣe oore fún ọ̀pọ̀ nínú wa nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, o ò lè wọ́ ìbọn gbà lọ́wọ́ ẹ̀ níta gbangba. Mo tún bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní ká máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú lọ.

A ò tíì rìn dé ìdajì igbó náà tí ọlọ́pàá igbó fi yọ sí wa. Conservation Police ni wọ́n ń pè wọ́n ní Illinois, ọlọ́pàá gidi ni wọ́n, wọ́n sì lágbára láti wọ inú oko wá bi ọdẹ ní ìbéèrè. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò pariwo, ó kí wa, ó bi wá bóyá a ti ríṣe. Ó wá ní ká fi láísẹ́ńsì, pámíìtì àti FOID wa han òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí ó wo igi ọwọ́ mi, ó ní ìbọn mi dà? Mo ní ó wà nínú àpò ẹ̀ nínú mọ́tò, kò sí ọta nínú ẹ̀, táàgì mi ti lọ láàárọ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fún mi rèé. Ó ní ó dáa. Ó kàn ẹ̀gbọ́n. Ó wo nọ́ńbà pámíìtì wọn, ó rí i pé wọ́n ti fi ẹran kan sílẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ó ní ṣé wọ́n ní pámíìtì míì fún kàǹtí yìí? Wọn ò ní. Ó ní kí wọ́n gbé ìbọn náà fún òun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọta mẹ́ta ló já bọ́ nínú ẹ̀ sórí ewé gbígbẹ.

Wọ́n sọ ti coyote. Ọlọ́pàá náà ò bá wọn jiyàn, ó ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn ni, pé lásìkò ìbọn àgbọ̀nrín, ẹni tí pámíìtì àgbọ̀nrín ẹ̀ fún kàǹtí yẹn ṣì wà nílẹ̀ tí kò tíì lò ó nìkan ló lè pa coyote, ìbọn tí òfin gbà fún àgbọ̀nrín ló sì gbọ́dọ̀ fi pa á. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ẹ́ fi gba ara wọn sílẹ̀ gan-an ló tún dì wọ́n mú sí i. Wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n gbé ìbọn náà lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọ́n fún wọn lọ́jọ́ kóòtù. Àwọn tó kù tí pámíìtì wọn ṣì wà, wọn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún fẹ́ẹ́ lé ẹran kankan mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú kí n máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ò tíì di sítísìn nígbà yẹn, green card, ìyẹn káàdì ẹni tí wọ́n gbà láyè láti máa gbé Amẹ́ríkà, ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ lọ san fáìnì kí ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ wọn obìnrin ló ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n kọ́kọ́ rí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé òfin ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà ní abala kan tó sọ pé ẹni tí kì í ṣe sítísìn, tí kóòtù bá dá lẹ́bi pé ó ní ìbọn lọ́wọ́ tàbí ó gbé ìbọn kiri lọ́nà tó lòdì sófin, wọ́n lè torí ẹ̀ lé e kúrò nílùú. Lọ́yà náà ò sọ pé ti ọdẹ ti wọ abẹ́ ẹ̀ tààrà, ohun tó sọ ni pé kò yẹ kéèyàn lọ fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn tó ní ìbọn nínú láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti wò ó. Ó tún ní, ohun tí wọ́n ń pè ní supervision ní kóòtù Illinois, èyí tí adájọ́ á ní kó o máa lọ, kó o ṣáà ti ṣe dáadáa fún oṣù díẹ̀, táwọn èèyàn wa máa ń yọ̀ sí pé kò sí nǹkan nínú rẹ́kọ́dù àwọn, òfin ìmígíréṣọ̀n lè kà á sí ìdálẹ́bi tó o bá ti gbà pé o jẹ̀bi. Fọ́ọ̀mù N-400 téèyàn fi ń béèrè fún sítísìn náà sì máa ń bi ẹ́ bóyá wọ́n ti mú ẹ rí tàbí wọ́n ti kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ rí, kò yọ ti igbó sílẹ̀.

Nítorí náà wọ́n ní láti gba lọ́yà méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀ ibẹ̀, ọ̀kan ní Chicago, kí àwọn méjèèjì lè jọ sọ̀rọ̀. Mo bá wọn wa mọ́tò lọ sí kóòtù ibẹ̀ nínú yìnyín. Ẹ̀gbọ́n ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí wọ́n ṣáà ń sọ ni ti ìyàwó wọn tí kò sùn dáadáa látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ó parí sí dáadáa o, wọ́n rí i ṣe kó má jẹ́ ẹ̀sùn tó kan ìbọn ló kù lára wọn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ná sí i, ẹran odindi ọjà kan lèèyàn á rí rà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì wà lórí físà, tí kò tíì ní green card, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ tún yàtọ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti fọwọ́ kan ìbọn rárá àyàfi pẹ̀lú àwọn àyè kan, bíi kó ní láísẹ́ńsì ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Jọ̀ọ́, bi lọ́yà kó o tó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ kankan lọ sígbó.

Ohun míì tó tún wà níbẹ̀ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ ti pa ọwọ́ pọ̀. Àdéhùn kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, Interstate Wildlife Violator Compact, Illinois wà nínú ẹ̀, Wisconsin wà nínú ẹ̀, ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ló wà nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá gba láísẹ́ńsì ọdẹ ẹ níbì kan, o ò lè sọ pé kò kàn mí, màá kọjá sí ìpínlẹ̀ kejì.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé irọ́ ni ẹ̀gbọ́n pa nípa Wisconsin. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà ti bá wọn lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ọjọ́ 9 ni àsìkò ìbọn tiwọn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Saturday tó ṣáájú Thanksgiving, òfin wọn sì gba ọdẹ ẹgbẹ́ láyè: tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo yín ń lo ìbọn, tí oníkálukú yín ní láísẹ́ńsì àgbọ̀nrín tiẹ̀, ẹnì kan lè pa ẹran sórí táàgì ẹnì kejì tí kò tíì lo tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rí ara yín tàbí kẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn ara yín nígbà tí ìbọn bá dún, ohùn ẹnu lásán o, kì í ṣe fóònù, kì í ṣe walkie-talkie. Táàgì mi ti lọ nígbà tá a wà níbẹ̀, mo sì gbé ìbọn mi dání láìbẹ̀rù, mo dúró síbi tí mo ti ń rí aṣọ ọsàn àbúrò mi kan lórí òkè kékeré tó wà níwájú. Nígbà tí abo kan jáde síwájú mi, mo kọ́kọ́ wo òkè yẹn ná kí n rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀, mo pariwo orúkọ ẹ̀, ó dáhùn, àgbọ̀nrín ti lọ. Kò dùn mí. Ká ní mo yìn ín nígbà tí kò sí lójú mi, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, ẹran tí kò ní táàgì ni mo pa yẹn. Àwọn tó ń lo ọfà níbẹ̀, àyè yìí ò sí fún wọn.

Ẹ wò ó bó ṣe rí nísinsìnyí. Ohun kan náà, ẹni kan náà, ìbọn kan náà, Wisconsin ní kò burú, o sọdá ààlà sí Illinois, ó ti di ẹjọ́. Ẹni tó kọ́ ọdẹ níbì kan tó wá gbé àṣà ibẹ̀ lọ síbòmíì ni mo ń bẹ̀rù fún jù, ju ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan lọ, torí ẹni tí kò mọ̀ á béèrè.

Àwọn kan ti bi mí pé tí mo bá wà lórí àga orí igi tí mo pa ẹran tó máa lo táàgì mi tán, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, báwo ni màá ṣe dé ìdí mọ́tò? Èèyàn ò kúkú lè sọ ìbọn nù. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n tó sọ̀ kalẹ̀, màá yọ gbogbo ọta, màá fi sápò tó yàtọ̀, màá ṣí ẹnu ìbọn sílẹ̀ kó hàn pé òfìfo ni, màá fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí èmi náà tó sọ̀. Màá so táàgì, màá lọ gbé ìbọn sínú mọ́tò tààrà, lẹ́yìn náà ni màá tó padà wá wọ́ ẹran. Kì í rọrùn, ó ń jẹ́ kí n rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, nígbà míì mọ́tò jìnnà gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pàdé mi nígbà tí mo bá ń wọ́ ẹran, ọ̀bẹ àti okùn nìkan ló máa bá lọ́wọ́ mi. Àpò tí màá ti ìbọn bọ̀ nínú mọ́tò náà, òfin ni, Illinois ní kò gbọ́dọ̀ sí ọta nínú ẹ̀, kó sì wà nínú àpò.

Ti wíwá ẹran tó fara gbọta náà tún wà. Ọ̀rẹ́ ẹ yìnbọn, ẹran sá lọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ó ní kó o wá bá òun wá a. Lọ, iṣẹ́ rere ni, má jẹ́ kí ẹran jẹ̀rà sígbó. Òun ló máa gbé ìbọn, torí pámíìtì tiẹ̀ ló ṣì wà. Ìwọ gbé iná àti bébà ìnujú tó o fi máa sàmì sí ibi tó o bá ti rí ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí i pé ẹni tí kò gbé ìbọn gan-an ló máa ń rí ẹ̀jẹ̀ jù, torí ilẹ̀ nìkan lojú ẹ̀ ń wò.

Tó o bá ní pámíìtì kejì fún kàǹtí kan náà, bíi ti ẹran tí kò ní ìwo, tó ò tíì lò ó, o ò tíì pé iye ẹ nìyẹn, gbé ìbọn ẹ kó o máa lọ. Ṣùgbọ́n pámíìtì kàǹtí míì ò lè gbà ẹ́ níbí. Akọ oníwo náà, méjì péré ni ìpínlẹ̀ yìí gbà fún ẹnì kan láàárín ọdún ọdẹ kan, ìbọn àti ọfà papọ̀. Ti ìbọn kékeré téèyàn máa ń fi sí ìbàdí fún ààbò ara ẹ̀, ìyẹn tún ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kéèyàn gba ti ẹnu ọ̀rẹ́ gbọ́ lórí ẹ̀. Mo ní nọ́ńbà ọlọ́pàá igbó kàǹtí tá a máa ń lọ nínú fóònù mi, mo máa ń pè é ṣáájú àsìkò, mo máa ń sọ fún un bá a ṣe fẹ́ẹ́ ṣe é, òun náà máa ń fara balẹ̀ dáhùn. Wọ́n fẹ́ràn kéèyàn pè wọ́n ju kí wọ́n wá ká a mọ́ inú igbó lọ.

Ẹran tá a bá sì mú dé, títà ò sí ńbẹ̀ o, òfin Illinois ò gbà kéèyàn ta ẹran àgbọ̀nrín tó pa. Pínpín la máa ń pín in. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnì kan jẹ, ṣùgbọ́n a máa ń pín in, ìyá àgbà kan ní South Side ní Chicago tí mo máa ń gbé itan fún, tó bá ti rí mi báyìí ó ti ń ki ìdílé wa.

Ẹ̀gbọ́n ti di sítísìn. Wọ́n ti padà sígbó pẹ̀lú, pámíìtì méjì ni wọ́n máa ń béèrè fún lọ́dọọdún báyìí, akọ tàbí abo ní ọ̀kan, aláìníwo ní èkejì, káàárọ̀ tó bá fún wọn ní ọ̀kan má bàa ti ọjọ́ náà pa. Tí méjèèjì bá lọ tán, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ bá wa lọ ní November tó ń bọ̀, kó mú àpò ìbọn tí zíìpù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dání, torí a ò ní mú ẹni tí kò bá ní in lọ.